Kí Lúkmánì Tó Dé Ìgbòho

                                        Ẹ̀yìn Ọjà Adjamé,
                                        Abidjan,
                                        Côte d'Ivoire.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Àlàkẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ tó ti di ẹ̀gbọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o kúnlẹ̀ kírun? Ṣàkírù ọmọ rẹ ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́, àti àwọn ọmọ tó bí léra wọn bí àtẹ̀gùn yẹn? Ṣé òjò ti ń dá díẹ̀díẹ̀ ní Ìgbòho, ṣé ẹ ti ń rí iṣu tuntun jẹ? Ibi tó ń jò lókè yàrá rẹ, ṣé wọ́n ti bá ọ tún un ṣe àbí abọ́ lo ṣì ń gbé síbẹ̀? Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà níbi tó wà. Dókítà ní kí n má máa bínú. Mo ní kó lọ sọ fún àwọn tó ń bí mi nínú.

Ràyhánà ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti sọ fún un pé bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni kó kọ ọ́, kó má bá mi tún nǹkan kan ṣe. Ọ̀rọ̀ Lúkmánì ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Lúkmánì onítáì, dókítà tí kì í fúnni lóògùn. Mo gbọ́ pé ó ń bọ̀ ní Ìgbòho ní Jímọ́ọ̀ tó bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ fi oyè dá a lọ́lá, pé òun náà á wá gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ilé, kó fi kọ́ yàrá ìkàwé sí yunifásítì ẹ̀ tó wà ní Songon níbí. Yàrá ìkàwé! Fara balẹ̀, Àlàkẹ́, jẹ́ kí Ṣàkírù kà á fún ọ díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà pọ̀.

O ò lè gbàgbé ọmọ náà. Orí ìdì aṣọ wa ní Adjamé ló ń sùn nígbà tó wà ní lycée, ilé-ìwé girama wọn níbí. Ó jẹ nínú ìkòkò mi, ó jẹ nínú tìrẹ, ìwọ lo ra bàtà tó kọ́kọ́ wọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ìgbà tó padà dé, ọdún kejì tí ogun parí níbí, ó dìde láàárín wa ní ìpàdé ọmọ Ìgbòho lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ ohun tí etí mi bá gbé, kì í já bọ́. Ohun tó sọ rèé, mi ò fi nǹkan kan kún un:

“Ẹ̀yin ìyá mi, àwọn ilé-ìwé tó wà nílùú yìí, bí ọmọ yín ṣe máa bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Èmi fẹ́ kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń jẹ́ èèyàn. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ìtàn, kí wọ́n mọ èdè, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ronú àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó bá jù wọ́n lọ. Ọmọ tó bá mọ ìyẹn, kò sí iṣẹ́ tí kò ní lè ṣe lẹ́yìn ọ̀la. A ò sì ní lé ọmọ ọlọ́jà kankan nítorí owó láé.”

Àwa obìnrin sunkún. Èmi ta ṣọ́ọ̀bù mi kejì. Ìwọ, o lọ tú owó tí o ti ń kó jọ fún Mẹ́kà láti ọdún mọ́kànlá, o gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ọmọ yìí sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ. Ó ní, “Ìyá Ṣàkírù, tí ilé-ìwé yìí bá ti dúró, èmi fúnra mi ni mo máa gbé yín lọ sí Mẹ́kà.” Lémọ́ọ̀mù ṣe fátíhà sí i, a fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú, ó parí. Ẹnì kankan ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Láàárín tiwa, ta ló máa ń béèrè rìsíìtì lẹ́yìn fátíhà?

Ó dúró lóòótọ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Yunifásítì Àwọn Ìyá ni a sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́nu géètì. Kí o tó padà sílé o rí i. Lẹ́yìn ìgbà tí o lọ ni èyí tó dùn jù ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ìtàn kan wà ńbẹ̀ tó ń jẹ́ Mùkáílà, ọmọ Ṣakí. Á kó àwọn ọmọ wá sí ìsọ̀ mi, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á gbé fóònù sí mi lẹ́nu, wọ́n á ní kí n sọ bí wọ́n ṣe lé wa ní Ghánà, bí bàbá mi ṣe gbé mi kọ́rùn wọ ìlú yìí, kí ló dé tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Anango níbí. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní professeur! Àwọn oníbàárà mi dúró, wọn ò lè ra aṣọ. Mo ní kí wọ́n dúró, iléèwé ń lọ lọ́wọ́.

Gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Lúkmánì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn olówó kan rìn. Ó kun orúkọ àwọn ìyá pa lára ògiri, ó kọ orúkọ tara ẹ̀ síbẹ̀. Owó ilé-ìwé tó jẹ́ deux cent mille, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, lọ́dún, ó gbé e lọ sí un million quatre, ìlọ́po méje. Àwọn olùkọ́ ò gbowó fún oṣù márùn-ún, àmọ́ ọkọ̀ òun náà ga débi pé ó ní àtẹ̀gùn lára. Yàrá ìkàwé tó ń wá owó ẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín yẹn, a kọ́ ọ fún un, Àlàkẹ́! Ó kó àwọn ìwé inú ẹ̀ sínú páálí, ó ń fi yàrá náà háyà fún àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ Sátidé tí o bá débẹ̀, wàá bá ìrẹsì nílẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, tó yẹ kí Ràyhánà wọ ọdún kẹta tó kẹ́yìn, wọ́n ní wọn ò kọ́ ìtàn mọ́, wọn ò kọ́ èdè mọ́, pé kò mú owó wọlé. Òwò ṣíṣe nìkan ló kù. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló ń kọ́ ìtàn, Ràyhánà wà nínú wọn, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ. Mùkáílà ti ń lọ láti ilé dé ilé ní Yopougon báyìí, ó ń kọ́ ọmọ kékeré ní àbídí.

Mo wọ ọkọ̀ gbáká lọ sí Songon, èmi àti Ràyhánà. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu bùrọ́ọ̀ ẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé la vieille ní rendez-vous, pé ṣé arúgbó bá ọ̀gá ṣe àdéhùn. Mo ní kí Ràyhánà sọ fún un pé èmi ni mo ra àga tó fi ìdí lé. Wọ́n fi mí síbẹ̀ títí oòrùn fi dé àárín orí. Nígbà tí mo wá wọlé, Lúkmánì ò dìde. Ó kan tẹ orí ba bí alángbá.

Mo ní, “Lúkmánì, ṣé ìwọ lo sọ pé a ò ní lé ọmọ ọlọ́jà nítorí owó, àbí àlùjànnú kan ló yá ẹnu ẹ lò lọ́jọ́ yẹn?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, ayé ti yí. Báńkì ò mọ fátíhà.”

Mo ní, “O mọ̀ ọ́n, ìwọ. O ṣe àmín, mo gbọ́.”

Ó ní, “Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, papier dà? Ìwé wo ni mo fọwọ́ sí? Màmá, ẹ ò mọ̀wé, ẹ má bínú, báwo lẹ ṣe fẹ́ máa sọ ohun tí yunifásítì wà fún fún mi?”

Ló bá yíjú sí Ràyhánà, ó fi Faransé sọ fún un kíákíá pé kó mú arúgbó ẹ̀ lọ sílé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rò pé mi ò gbọ́. Èmi tí mo ti ń fi Faransé ná ọjà láti àádọ́ta ọdún! Mo fi Faransé dá a lóhùn pé kò rẹ̀ mí. Mo ní kò rẹ̀ mí rárá, ọmọ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù nìyẹn. Ó ní papier dà. Papier rèé.

Àmọ́ ẹnu mi ò dákẹ́ tó. Mo sọ ọ́ ní ìlà wa lọ́jà pé mo máa kọ̀wé sílé kó tó débẹ̀. Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ alátẹ̀gùn yẹn dúró níwájú ìsọ̀ mi. Wọ́n sọ àpò ìrẹsì méjì sílẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà, pẹ̀lú òróró. Lúkmánì bọ́ sílẹ̀. Àlàkẹ́, ó dọ̀bálẹ̀! Nínú eruku, pẹ̀lú kóòtù. Àwọn obìnrin Dyula tó wà ní ìlà kejì pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ìyàwó ló wá tọrọ.

Ó ní òun máa ṣe é kí Ràyhánà parí ọdún ẹ̀. Ó ní òun máa sanwó fún olùkọ́ kan fún ọmọ náà nìkan, á kọ́ ìtàn ẹ̀ tán, á gba ìwé ẹ̀rí, kò ní san kọ́bọ̀. Mo ní àwọn méjìdínlógún tó kù ńkọ́? Ó ní, “Màmá, ọmọ tiyín ni mo ń sọ.” Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́, kí ẹnu mi má dé Ìgbòho. Ó fún wa di ọjọ́ Ajé, ọ̀tunla.

Mo ní kó kó ìrẹsì ẹ̀. Ó kó o.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, wẹ̀, múra, lọ jókòó níwájú pátápátá. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó mọ̀ ọ́n sọ. Jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Tí wọ́n bá ti fẹ́ máa dá owó báyìí, dìde. Má bú u o! Tí o bá bú u, á di pé arúgbó kan ń ṣe wèrè, wọ́n á ní kí o jókòó. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kí o ní, “Lúkmánì ọmọ mi, mo ti múra tán, ọjọ́ wo ni bààlúù mi ń lọ sí Mẹ́kà?” Kí o dákẹ́. Kí o wò ó. Tí àwọn èèyàn bá béèrè pé Mẹ́kà wo, jẹ́ kí Ṣàkírù ka ìwé yìí sí wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí ojú tì í níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo fẹ́ kó wá ilẹ̀ tó máa wọ̀, kó má rí i.

Ìyá ẹ̀ á wà níbẹ̀, mo mọ̀. Obìnrin yẹn ò ṣẹ̀ mí rí. Mo ro ti ìyẹn lálẹ́ àná, mo rò ó títí. Mo rò ó tán. Inú mi ò tíì rọ̀.

Bá mi kí gbogbo agbo ilé. Kí Ṣàkírù, kí ìyàwó ẹ̀, fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ fún mi. Kí Lémọ́ọ̀mù wa tó ti fẹ̀yìn tì sílé, sọ fún un pé fátíhà tó ṣe, a ṣì ń gbọ́ ohùn ẹ̀.

Àlàkẹ́, bírò Ràyhánà ti dúró. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ìbínú yìí. Èmi ni mo ni ọdún mẹ́ta tó wà nínú ẹ̀.” Mo ní kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀, torí òótọ́ ni. Èmi ni ọkàn mi ń gbóná. Ìwé òun ló máa jó.

Nítorí náà, mo fẹ́ dìde lọ kírun Àlàásárì. Mi ò ní di lẹ́tà yìí, orí tábìlì ni mo máa fi í sí. Fausiatou tó ń kó ọjà lọ sílé máa wọ ọkọ̀ kí Mọ̀ngàríbì tó tó. Tí Ràyhánà bá fẹ́ ọdún ẹ̀ padà, kó ya á. Mi ò ní béèrè, mi ò sì ní dárúkọ Lúkmánì lójú ẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi sin mí. Àmọ́ tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, kí o mọ̀ pé ọmọ náà ló fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ gbé e lọ bá Fausiatou. Nígbà yẹn, má ro tèmi, má ro ti ìyá ẹnì kankan. Dìde, kí o bi í.

Èmi ni, tìrẹ láti orí bẹ́ǹṣì kan náà,

Sàlímátù
Ìyá àgbà Ràyhánà