Ejìnrìn Tí Mo Sá Sórí Páànù

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i o, ẹnikẹ́ni kò wá rò ó fún mi... Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, àmọ́ ẹ má bú mi kí ẹ tó kà á tán. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, nítorí èèyàn mọ̀ mí láti Ọ̀bà-Ilé títí dé Ipogun. Èmi ni wọ́n ń pè tí ọ̀rọ̀ ewé bá ta kókó. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí ewé kan nínú igbó Ipogun tí n kò lè fi imú nìkan mọ̀, kódà kí ẹ di ojú mi. Dókítà mélòó ló lè ṣe ìyẹn?

Èmi ni mo kọ́ ìyàwó mi ní ewé. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ wá láti Oǹdó, ewúro ọbẹ̀ nìkan ló mọ̀. Èmi ń já a ní Ipogun, òun ń tà á ní Ọjà Ọba, ogún ọdún rèé. Ọdún tó kọjá ni lecturer kan, Dókítà ni wọ́n ń pè é, láti yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ níbí wá sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ní òun ń wá ewé tó lè gba awọ ara sílẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ìyàwó mi fún un ní ejìnrìn wa. Bó ṣe di èrò lab nìyẹn o... gbogbo Ọjọ́bọ̀, á ti wẹ̀, á ti para. Tó bá dé, á máa ṣàlàyé fún mi bíi tíṣà, pé wọ́n ń sin sẹ́ẹ̀lì awọ ara èèyàn nínú àwo kéékèèké, wọ́n ń bọ́ ọ bí ọmọ tuntun, wọ́n á kán omi ewé sí i, wọ́n á wá gbé e sábẹ́ iná kan tó ní irú ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí, èyí tó ń jó awọ. Àwo tí wọn kò kán ewé sí, gbogbo ẹ̀ á kú. Èyí tí ejìnrìn wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ á yè. Ejìnrìn ta ni? Ejìnrìn mi! Àmọ́ Dókítà ní báyìí, Dókítà ní bẹ́ẹ̀ yẹn, ni mo ń gbọ́ nínú ilé mi. Ó ní wọ́n máa kọ orúkọ òun sínú ìwé tí wọ́n fẹ́ gbé jáde. Mo ní orúkọ tèmi ńkọ́? Ó kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní kí n fara balẹ̀ ná. Ṣé èsì nìyẹn?

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo gun ọ̀kadà tẹ̀lé e. Ilẹ̀kùn lab yẹn ní gíláàsì, mo yọjú... Ẹ̀wù funfun wà lára ìyàwó mi àti Dókítà, iná aláwọ̀ àlùkò ń tàn nínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọkùnrin náà di ọwọ́ ìyàwó mi mú, ó ń fi ìka rọra tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń sọ Oǹdó síra wọn, torí ọmọ Oǹdó lòun náà, Oǹdó tó jinlẹ̀ tí èmi ọmọ Àkúrẹ́ kò lè bá wọn débì kan, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ogún ọdún, n kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn nínú ilé mi rí. Ṣé kí n wọlé kí n máa pariwo ni? Èmi? Mo yí padà, mo lọ sílé.

Ìyá mi ló kọ́ mi pé ewé tí èèyàn fẹ́ fi bá oòrùn jà kò gbọdọ̀ fojú kan oòrùn. Inú yàrá là ń tẹ́ ejìnrìn sí, lórí ẹní, fún ọjọ́ méje, kí fèrèsé wà ní títì. Èmi ni mo ń gbẹ ẹ́, ìyàwó mi kì í dá sí i. Nígbà tí wọ́n ní kó gbé àpò tuntun wá fún ìdánwò àṣekágbá, èyí tí wọ́n fẹ́ fi han àwọn àlejò tó máa fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, mo gbé ejìnrìn gun orí páànù, mo sá a sínú oòrùn ọ̀sán gangan fún ọjọ́ mẹ́rin, ó gbẹ fúrúfúrú. Mo gún un pọ̀ mọ́ díẹ̀ nínú ti yàrá kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa tú mi fó. Ìyàwó mi gbé e, ó ní ẹ ṣeun, Bàbá Bíọ́lá.

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú àwo mẹ́rìnlélógún ló kú. Wọ́n ní kó gbé òmíràn wá, mo tún ṣe é bẹ́ẹ̀... wọ́n tún kú. Dókítà ní kó sinmi ná, pé àwọn á wá ewé síbòmíì. Ìyàwó mi ní ọwọ́ òun ló ti bàjẹ́, kò lọ Ọjà Ọba mọ́, ó di ẹrù, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Oǹdó.

Ọjọ́ kejì ni Fúnmi, ọmọ yunifásítì tó ti ń fi iṣẹ́ náà ṣe project láti oṣù mẹ́jọ, wá a wá sílé, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó mú ìwé tí wọ́n fẹ́ gbé jáde náà dání. Mo lè ka orúkọ ara mi, ìyẹn kò gba ìwé mẹ́wàá. Tèmi ló wà lókè, ti ìyàwó mi tẹ̀lé e, wọ́n ti fa ìlà gba orí méjèèjì kọjá. Fúnmi ní Mọ́mì ló taku: "Ẹ kọ tọkọ mi síwájú, òun ló ni ewé." Ó ní ó fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni. Mo fọgbọ́n bi í léèrè Dókítà. Ó ní bàbá yẹn ní sùúrù o, òun ló máa ń bá Mọ́mì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí òrùka ìgbéyàwó ń fà á ya, Mọ́mì kò sì gbà kó bọ́ òrùka. Mo gbọ́. Àmọ́ ṣé Fúnmi alára kò ní ọwọ́ tó lè fi bá a wọ̀ ọ́ ni? Obìnrin ṣáà ni òun náà...

Ejìnrìn tuntun wà nínú yàrá báyìí, lórí ẹní, fèrèsé wà ní títì, ọjọ́ karùn-ún rèé. Ṣé kí n gbé e fún Fúnmi kí n panu mọ́? Àbí kí n lọ Oǹdó lọ jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi? Tó bá ní kí ló dé, kí ni mo fẹ́ wí... pé ojú mi ni mo fi rí i? N kò bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, èwo lẹ máa ṣe? Ẹ̀yin obìnrin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ohun tó ti lọ rèé: àpò ejìnrìn méjì, àwo sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kíní, mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kejì, oṣù mẹ́jọ Fúnmi, orúkọ méjì, ìyàwó kan.