Oògùn Ojú tí Màámi Ń Ṣọ́ Lò

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó wa, mo sì kí ọmọ tuntun. Káfíńtà ti dí òrùlé tó ń jò. Eékún Màámi ṣì ń ro wọ́n.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń kọ káàdì aláìsàn nílé ìwòsàn ojú. Púpọ̀ nínú àwọn tí inú ẹyinjú wọn wú títí ojú fi fọ́ ló rí oògùn gbà. Bí ojú ò bá ti pọ́n mọ́ ni wọ́n ń dáwọ́ dúró. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo ẹ̀ sí wọn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn yìí kan náà ti mú ojú Màámi méjèèjì lọ. Láràárọ̀ ni mò ń bi wọ́n, "Ẹ ti kán oògùn?" Wọ́n á ní, "Mo ti kán an." N ò yẹ ìgò wò rí. Lánàá ni mo bá mẹ́rin nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, a ò tíì ṣí wọn.

Wọ́n ní, "Mò ń ṣọ́ ọ lò ni, kó lè dọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa dé. Mo fẹ́ fojú mi rí ọmọ rẹ̀."

Dókítà ní ó ti bọ́, wọn ò lè ríran mọ́. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Màámi má baà rí omijé mi. Àbí ẹ ò rí òmùgọ̀!

Ọlọ́run á dá ọmọ yín sí. Ẹ má fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ mọ́. Ẹ gbé e wá, kí Màámi fọwọ́ wo ojú ẹ̀.

Àbúrò yín