Àlejò Nínú Ilé Adìẹ

Ọjọ́rú, 8 oṣù Kẹwàá

Aláriwo kú. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi láàárọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ, ọrùn lọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè látẹ̀yìn. Títí di àná ó ń pariwo kó tó yé ẹyin, ó sì ń pariwo tó bá yé e tán. Màmá máa ń sọ pé ẹyin ẹyọ kan, ìròyìn gbogbo àdúgbò.

Mo fi ọ̀rá dì í, mo gbé e pamọ́ kí Màmá tó jí.

Ẹ̀rù ń bà mí, kì í sì í ṣe nítorí adìẹ nìkan. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, Màmá kò dìde mọ́. Á jí, á kọjú sí ògiri. A gbé oúnjẹ wọlé, a gbé e jáde. Ìgbà tí mo ra àwọn adìẹ yìí, tí mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn, ni inú bí i sí àìmọ̀kan mi tó fi dìde. Láti ìgbà náà, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn láràárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Kẹwàá

Mo sọ ikú Aláriwo fún Màmá. Ó ní, “Adìẹ ń kú, ọmọ mi. Èèyàn gan-an ń kú.” Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹyin ò tó nǹkan lónìí. Ọ̀kan kò ní èèpo rárá, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí ọ̀rá omi.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù Kẹwàá

Ìyálé dúró sí igun, gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ wú. Òun ni ọ̀gá àwọn adìẹ yòókù: òun ló ń kọ́kọ́ jẹ, òun ló ń pinnu ẹni tó máa sùn lórí igi òkè. Lónìí kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí oúnjẹ. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ikú Aláriwo lọ. Ìgbẹ́ wọn ti di àwọ̀ ewé.

Lẹ́nu iṣẹ́ — kámẹ́rà ilé adìẹ lórí fóònù, fóònù lábẹ́ tábìlì, bí ọmọ iléèwé. Akọ̀wé tó jókòó tì mí ní ṣé ọkọ tuntun ni mò ń wò tó báyìí. Mo ní adìẹ ni. Ó ní kí n yéé purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Kẹwàá

Olè ni mo torí ẹ̀ so kámẹ́rà yẹn, mi ò kì í wo tọ̀sán tẹ́lẹ̀. Lónìí mo wo ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo rí i.

Àlejò ni adìẹ tí Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, fún Màmá nígbà tó ń kó lọ. Mo fi í sínú àpótí lẹ́yìn kíṣìnì, lọ́tọ̀, pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Màmá pé adìẹ tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún bí oṣù kan ká tó mọ̀ bóyá ó gbé àrùn wá. Ó ní òun gbọ́.

Nínú àwòrán: ọ̀sán, mo wà níbi iṣẹ́. Màmá gbé Àlejò mọ́ àyà wọlé, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wọn, ó dúró wò ó bóyá wọ́n á ṣá a jẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé, ó gbé e padà sínú àpótí. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta. Bí ẹni ń mú ọmọ lọ sí iléèwé tó tún ń lọ mú un wálé.

Àlejò fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ le koko.

Mi ò sọ nǹkan kan fún Màmá.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Kẹwàá

Ìyálé ti lọ.

Mo pe Ìyá Ìbejì, mo béèrè àwọn adìẹ rẹ̀ yòókù. Ó ní òun tà wọ́n. Mo ní ta ló rà wọ́n. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Wọ́n kú ni. Èyí tí kò kú yẹn ni mo fún Màmá. Mo rò pé olórí ire ni.”

Adìẹ olórí ire! 

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kẹwàá

Dókítà ẹran wá. Ó fi òwú nu ọ̀fun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé òkú Ìyálé lọ fún àyẹ̀wò. Ó ní ó lè jẹ́ lùkúlùkú, àrùn tó máa ń pa adìẹ. Tó bá jẹ́ òun ni, èyí tó bá máa yè á yè. Ó sì lè jẹ́ èkejì, fúlù ẹyẹ, èyí tó ń ran èèyàn. Tó bá jẹ́ ìyẹn, gbogbo wọn ni ìjọba máa ní kí wọ́n pa, àti aláìsàn àti alára líle.

Ó béèrè bóyá adìẹ tuntun wọlé. Mo ní ọ̀kan wà, lọ́tọ̀. Ó ní, “Wọn ò pàdé rárá?”  Màmá ní, “Èmi ni mò ń gbé e lọ bá wọn. Ẹkún ló ń sun nínú àpótí yẹn. Ta ló lè máa dá gbé?”

Dókítà ò bá a wí. Ó ní, “Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òótọ́, Màmá.” Ká ní ó bá a wí ni, ì bá sàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹwàá

Màmá kò dìde.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Kẹwàá

Kò dìde. Ògiri ló kọjú sí. Mo wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú lọ fún àwọn adìẹ lómi. Wọ́n sá fún mi dé igun.

Mo jókòó ti Màmá lórí ibùsùn. Mo ní ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì ni àrùn ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Èmi ni mo bí ẹ. Mo mọ̀ tó o bá ti ń rọra sọ̀rọ̀.” Oúnjẹ wọlé, oúnjẹ jáde.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kẹwàá

Mo jí, ibùsùn Màmá ṣófo.  Ìta ni mo ti bá a, lórí àga, níwájú wáyà, ìbòmú lábẹ́ àgbọ̀n bí irùngbọ̀n.

Ó ní kí n wá ìbọ̀wọ́ fún òun. Tí ìjọba bá ní kí wọ́n pa àwọn adìẹ náà, òun fúnra òun ló máa mú wọn fún Dókítà, níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò ní jẹ́ kí àjèjì máa sáré lé wọn kiri títí àyà wọn á fi já. Tí wọ́n bá sì yè, ká ra àkùkọ kan. Obìnrin ti pọ̀ jù nínú ilé yìí. Ó wò mí nígbà tó sọ ìyẹn. Mo lọ wá ìbọ̀wọ́.

Ọ̀sán — Dókítà pè. Èsì ti dé. Ó ní òun ti rí i, ṣùgbọ́n òun ò láṣẹ láti sọ ọ́ títí ọ̀gá àwọn á fi fọwọ́ sí i, ọ̀gá sì wà nípàdé. Mo tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Kò le, kò rọ̀. Ó béèrè iye èèyàn tó ń gbé inú ilé. Mo ní èmi àti Màmá. Ó béèrè bóyá ẹnì kankan nínú wa ń wúkọ́. Mo ní rárá. Ó ní òun á pè padà.

Màmá ní kí ló wí. Mo ní kò tíì wí nǹkan kan.

Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Mo pe Dókítà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá ò tíì jáde nípàdé.