Wọ́n Fẹ́ Kó Abúlé Wa Lọ Sínú Òṣùpá

Wanqiu ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé ata ìlú Chengdu kò tíì da inú rẹ rú? Ara mi le, ẹlẹ́dẹ̀ wa bímọ, àdúrà mi sì ni pé iwájú iwájú ni wàá máa lọ.

Ìwé ìtàn sáyẹ́ǹsì rẹ tó gba ẹ̀bùn ti dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí o wà ní kékeré, gbogbo ayé ní eré ọmọdé ni irú ìwé bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn ọ̀gá ìjọba ìbílẹ̀ gbé mọ́tò wá sílé wa, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ilẹ̀kùn láti fi yẹ́ wa sí, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn mí, wọ́n ní irú ìtàn yìí ló ń gbé orílẹ̀-èdè ga báyìí. Dekui aládùúgbò wa, tó máa ń pè ọ́ ní alálàá ọ̀sán, òun ló dúró síwájú jù nínú fọ́tò.

Olùkọ́ Shao wá ka ìwé náà sí wa létí ní ibi ìpakà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti kó abúlé wa lọ sínú òṣùpá, gbogbo wa gbà pé àṣẹ ìjọba ni, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ka ìwé àṣẹ sí wa létí kí wọ́n tó sé odò, tí wọ́n fi kó wa kúrò ní abúlé àtijọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Dekui ti ń gbin igi eléso píìṣì kún oko rẹ̀, torí iye igi ni ìjọba máa ń wò kó tó san owó gbà-máà-bínú. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n bi ọ́ bóyá yàrá méjì ni wàá fún àwọn lóṣùpá tàbí mẹ́ta, àti pé kí o má gbàgbé ẹyin sísè tí òun máa ń fún ọ.

Mo bi ọ̀gá ìjọba ìbílẹ̀ kan pé ibo ni wọ́n máa kó ibojì sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, àròsọ lásán ni. N kò gbà á gbọ́. Ẹ̀rín yẹn náà ni wọ́n rín kí omi tó bo abúlé àtijọ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Mo ní kí Olùkọ́ Shao tún un kà. O kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ, o kó ọlọ lọ, àní ajá Dekui tó bù ọ́ jẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibojì ìyá rẹ kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí omi ń bọ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kó egungun rẹ̀ sínú ìkòkò, tí mo gbé e gun òkè wá síbí. Nísinsìnyí tí àwọn ẹni ńlá ń gbọ́ ohun tí o bá kọ, jọ̀ọ́, bá mi fi ìlà kan kún un.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí èmi náà gbin píìṣì, kí Dekui má baà ní yàrá jù wá lọ. Fi ẹ̀wù òtútù kún un, wọ́n ní òtútù òṣùpá kì í ṣeré.

Ọ̀run á ṣọ́ ọ, àwọn baba ńlá wa á la ọ̀nà fún kálàmù rẹ. Tí ìjọba bá sì ní kò sáàyè fún ìyá rẹ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sóṣùpá, sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ, èmi àti òun á máa wò yín láti ìsàlẹ̀ níbí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lu Changgen