Ibi tí Ìlà Ti Gé Títì

Okpomèta,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 2024.

Lábọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Kútọnú. Kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ tí mo fà á ya.

Flora, àbúrò rẹ, sọ pé o ń bọ̀ ní Sátidé wá fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ìyá yín. Jọ̀wọ́, má fọwọ́ sí i. Ààlà yẹn kò tọ̀nà, èmi ni mo ṣì í.

Nígbà tí awọnlẹ̀ wá lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, èmi ni mo ń bá a ṣiṣẹ́. Ó fi títì ṣe x, ó fi ọ̀nà oko ṣe y, oríta ni òdo. Ó kọ ìṣirò ìlà ààlà fún mi, ó ní kí n wá ibi tó ti gé ọ̀nà méjèèjì, kí n ri òkúta mọ́ ibẹ̀. Èmi rò pé láti mọ ibi tó ti gé x, x náà ni à ń sọ di òdo. Bẹ́ẹ̀ y ni. Bí mo ṣe ri òkúta sí ọgọ́ta mítà lẹ́bàá títì nìyẹn, dípò ọgọ́rin, tí mo gbé ọgọ́rin lọ sí ọ̀nà oko. Ìwọ̀n ilẹ̀ náà kò dín, kò lé. Kò sẹ́ni tó fura.

Ṣùgbọ́n àádọ́rin mítà sí oríta ni kànga ìyá rẹ wà lẹ́bàá títì. Ó bọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò, ìyẹn sì mọ odi yí i ká.

Màmá yín pè mí. Ó ní, “Géraud, ìwọ tí o kàwé, ṣé ìlà yìí kò wọ́ báyìí?”

Mo ní, “Ìyá, ìṣirò kì í purọ́.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo délé, mo tún un ṣe, mo rí àṣìṣe mi, mo dákẹ́. Látìgbà náà ló ti ń rìn lọ pọnmi lọ́nà Kpankou, títí ó fi ṣubú tòun ti omi lórí. Níbi ìsìnkú, ẹ ń sọ pé agídí ló pa á. Mo gbọ́. Mo jẹ oúnjẹ yín.

Mo ti sọ fún awọnlẹ̀. Ó ní bí mo bá jẹ́rìí nílé ẹjọ́, iṣẹ́ mi tán. Màá jẹ́rìí. Bóyá adájọ́ yóò gbà, n kò mọ̀. Bóyá ó yẹ kí n tọrọ àforíjì, ìyẹn náà n kò mọ̀.

Kí Olúwa mú ọ dé ire. Kí òùngbẹ má ṣe gbẹ àwọn ọmọ rẹ.

Èmi ni, ẹni tí o ṣì ń pè ní ọ̀rẹ́,
Géraud.

Àfikún: Ìlà náà rèé: 3x + 4y = 240. Fi òdo sí ipò y, kí o ṣe é fúnra rẹ. Má gbà á lẹ́nu mi.