Ìwé Ẹ̀rí Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Láàárọ̀ àti Nírọ̀lẹ́

Òdò-Ìrókò, lẹ́bàá Iléṣà.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, 2025.

Tẹjúmọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Bódìjà? Ṣé iná ń wà, ṣé o ń rí oúnjẹ gidi jẹ? Olúwa kò ní jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ. Ara wa le, orúnkún ìyá rẹ nìkan ni kò gbọ́ràn. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ìyá rẹ sì fi orúkọ rẹ pe ọ̀kan nínú wọn, èmi kọ́ ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Láti ìgbà tí o ti pè mí pé orúkọ ọ́fíìsì yín ti wọ ìwé àwọn afilẹ́tà-yọni-lẹ́nu lókè òkun ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. O ní ẹnì kan ní ọ́fíìsì yín ló fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà ìpolówó ọjà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò bèèrè, pé láti ìgbà náà inú ìdọ̀tí ni wọ́n ń ju lẹ́tà ọ́fíìsì yín sí, àti pé ọ̀gá rẹ ní bí orúkọ náà kò bá kúrò kí oṣù yìí tó parí, kí o máa lọ sílé. Ìwọ tí kì í kọ lẹ́tà sí àwa tí a bí ọ!

O ní o ti kọ àṣẹ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tún ilé tí lẹ́tà yín ń gbé nínú kọ̀ǹpútà tò, tí yóò sì máa yẹ ìwé yẹn wò ní wákàtí wákàtí. Ó dára, ṣùgbọ́n ta ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi? Kí ni ẹ ń fún un jẹ? Àpò gaàrí méjì wà lọ́wọ́ dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá, ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan ti ẹ̀rọ olùṣọ́ yẹn. Má jẹ tirẹ̀ mọ́ tìrẹ.

Àmọ́ ìṣọ́ nìkan kò tó, Tẹjú. Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ìjọ, ọwọ́ mi ni ìwé àwọn tí a dá dúró níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa wà. Orúkọ kì í dédé kúrò nínú ìwé, àfi kí ẹnì kan dìde fún onítọ̀hún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo kọ ìwé ẹ̀rí pé o kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí, Àlùfáà Mark fọwọ́ sí i, mo lu òǹtẹ̀ ìjọ. Nasrullah tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bá mi wá àdírẹ́sì ogójì, ti àwọn tó ń tọ́jú ìwé òkè òkun náà, a sì fi ránṣẹ́. Wọn kò dáhùn. Mo ní ká tún fi ránṣẹ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún, mo sì fi àwọn báńkì àti yunifásítì kún un, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọmọ mi kò ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, Nasrullah wá bá mi nílé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun náà ti wọ ìwé yẹn, pé fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé tí òun fi ránṣẹ́ ń padà wá, pé ìwé ẹ̀rí mi ló fà á. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ojú tì mí gan-an, ọmọ mi.

Nígbà tó lọ, mo ṣí ìwé ìjọ. Orúkọ Májẹ́kódùnmí aládùúgbò wa ti wà lára àwọn tí a dá dúró fún ọdún mẹ́sàn-án, nítorí kò sí ẹni tó dìde fún un, èmi tí mo kọ ọ́ sì ń kí i lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá mo dìde fún un, wọ́n sì gbà á padà.

Mo ń bọ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ Ajé. Fi owó ọkọ̀ èmi àti Nasrullah ránṣẹ́, kí o dúró dè wá ní Ìwó Road, mo fẹ́ bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù Nasrullah fún olùṣọ́ rẹ, kó máa bá wa wò ó. Dírẹ́bà ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí Nasrullah kò jẹ́ kí n sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́.

Ọlọ́run tí ń nu ẹ̀bi kúrò yóò nu orúkọ rẹ kúrò níbi tí kò yẹ kó wà. Má bẹ̀rù. Orúkọ kan ti jáde nínú ìwé, ó ku méjì, tìrẹ àti ti Nasrullah.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ikúbọlájẹ́ Adégbọlá.