Ọkọ̀ Tí Ó Gba Máàkì Kékeré

Ilé Alága Ẹgbẹ́,
Ìtúnlá, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó.

Jemilat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Qaanitah ti ń rìn láìdi ògiri mú? Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé yín ní Ẹnu Ọ̀wá, sọ fún wọn pé mo ní wọ́n kú ìtọ́jú rẹ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín láàárín omi àti afárá kò ní fi yín sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ ní Onikan kò ní bọ́, ọ̀gá rẹ kò ní rí àléébù rẹ. Àdúrà yòókù wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, nítorí Sùrájù awakọ̀ tí yóò mú un wá ti tan mọ́tò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, èmi náà kò sì fẹ́ràn kí nǹkan máa falẹ̀.

Lẹ́tà ọpẹ́ ni mo kọ yìí. Mo fẹ́ kí o tètè mọ̀ ọ́n, kí o má baà rò pé ìjà ni mo tún gbé dé, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ sínú fóònù ní Ọjọ́bọ̀ kò dùn mọ́ ọ nínú.

Ilé dáa. Ewúrẹ́ mi bí méjì, akọ kan, abo kan. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́. Bàbá yín ń jẹun, wọ́n ń kírun, wọ́n ń bá mi jà, o mọ̀ pé ara wọn yá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ohun tó kù. Láti ọjọ́ tí ooru ti mú wọn dákú lórí afárá nígbà tí ọ̀nà dí, nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí dísù má baà tán, wọ́n ti fi Ọlọ́run búra pé àwọn kò ní wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó mọ́. Bí wọ́n ṣe bí Qaanitah títí ó fi ń rìn yìí, wọn kò tíì gbé e rí. Inú fóònù ni wọ́n ti ń rí i, wọ́n á máa na ìka sí gíláàsì rẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ fà á jáde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi taku pé Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa gbọ́dọ̀ ra bọ́ọ̀sì ńlá tòkunbọ̀ tí yóò máa ná Èkó, irú èyí tó ní ẹ́ẹ̀sì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, tí ìjókòó rẹ̀ sì ń tẹ̀ sẹ́yìn. Mo sọ fún Ẹgbẹ́ pé nítorí èrò àti gàrí wa ni. N kò dárúkọ bàbá yín, nítorí níbi ẹ̀kọ́ bíṣínẹ́ẹ̀sì tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe fún wa, tí sàtífíkéètì rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ mi, wọ́n kọ́ wa pé èèyàn kì í gbé ọkàn rẹ̀ wá sí ìpàdé. Alhaji Haleem tó jẹ́ akápò wa ní kí ni a fẹ́ fi ẹ́ẹ̀sì ṣe, ká ra èyí tí ẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ti kú, ká ṣí fèrèsé. Mo ní fèrèsé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣí, gíláàsì ni láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní ṣé kò sí ayùn ní Ìtúnlá ni. Káfíńtà kan nínú Ẹgbẹ́ ti dìde láti lọ gbé tirẹ̀ wá kí n tó ní kó jókòó.

Bí o ṣe ṣàlàyé ọkọ̀ méjèèjì tí ọkùnrin yẹn ń tà lẹ́bàá Onikan yé mi dáadáa. Ti funfun, ara ẹ́ńjìnnì ńlá ni wọ́n so ẹ́ẹ̀sì rẹ̀ mọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ti sùn, òun náà sùn nìyẹn. Ti pupa ní ẹ́ńjìnnì kékeré tirẹ̀ lábẹ́ ikùn ọkọ̀, bí ìyàwó kejì tó ní ilé ìdáná tirẹ̀, kì í dúró de ìyáálé kó tó dá iná. Ṣùgbọ́n ó ń mu dísù tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ó bá sì ṣàìsàn, ẹ́ńjìnnì méjì ni a ó máa tọ́jú. Ní ti bíṣínẹ́ẹ̀sì, funfun ni. Mo kàn ní kí ìwọ àti Mọ̀núrù oníṣẹ́ ẹ́ẹ̀sì dán wọn wò kí wọ́n má baà ní n kò ṣe ìwádìí.

Àfi bí o ṣe fi àwòrán méjì ránṣẹ́. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà lórí ìjókòó, nọ́mbà wà lójú rẹ̀. Ti funfun jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, ti pupa jẹ́ méjìlélógún. Ọ̀rọ̀ tí o kọ tẹ̀lé e kò ṣí, fóònù ní ibi ìpamọ́ òun ti kún. Èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́rin jáde nílé ìwé, ṣé máàkì ni n kò mọ̀? Àwọn méjèèjì kò yege, ṣùgbọ́n èyí tó gba mẹ́rìndínlógójì sún mọ́ ogójì, ó yẹ ká ràn án lọ́wọ́. Mo kéde rẹ̀ ní ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́, Alhaji Haleem pàápàá ní ó gbìyànjú. Kíá ni mo pe ẹni tó ń tà á, mo ní funfun la mú, kó máa retí wa ní ọjọ́ Ajé.

Ìgbà tí o wá sọ̀rọ̀ sínú fóònù pé pupa ló dáa jù, inú bí mi. Mo ní láti kékeré ni o ti máa ń mú ọmọ tó gbẹ́yìn ní kíláàsì ṣe ọ̀rẹ́, pé bíṣínẹ́ẹ̀sì kò mọ àánú.  Àfi ìgbà tí a kírun Jímọ̀ tán, tí o pè wá pẹ̀lú fídíò.

Mo mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni wàá ti pè, nítorí náà mo ti wọ súwẹ́tà fún bàbá yín, mo dé wọn ní fìlà abetí-ajá, mo pa fèrèsé dé kí òtútù tó bá jáde nínú fóònù má baà ṣòfò. Ojú rẹ yọ. Omi bò ó, híjáàbù rẹ ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ, ẹnu rẹ là sílẹ̀. O ní Mọ̀núrù ti pa ẹ́ńjìnnì funfun. Mo ní kí o nu ojú rẹ, ẹkún kò lè yí máàkì ọkọ̀ padà.

Bàbá yín gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn. Wọ́n wá ní, "Ìyá Jemilat, ẹkún kọ́ nìyẹn, òógùn ni. Bó ṣe ṣe èmi náà lórí afárá nìyẹn. Sọ fún ọmọ yìí kó jáde níbẹ̀."

O bọ́ sínú pupa. Ẹ́ńjìnnì ńlá tirẹ̀ náà ti kú, kékeré yẹn ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ìṣojú wa báyìí ni òógùn ojú rẹ gbẹ, o fa híjáàbù bo àyà, Mọ̀núrù sín. Bàbá yín fa etí fìlà wọn wálẹ̀, wọ́n ní òtútù náà ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ooru ni wọ́n ń fún ní máàkì. N kò mọ ẹni tí wọ́n bi kí wọ́n tó ṣe ohun tí kékeré rẹ̀ dáa ju ńlá lọ. N kò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, mo pe ọlọ́kọ̀ pé pupa la mú. Ó kùn, mo jẹ́ kó kùn tán. Mo sọ fún Ẹgbẹ́ pé wọ́n ti tún ìdánwò náà máàkì. Alhaji Haleem ní àwọn ti fura tẹ́lẹ̀.

Jemilat, o ṣeun. Mọ̀núrù sọ fún Sùrájù pé o ti wà nínú funfun tipẹ́ kí o tó pè wá, pé òun bẹ̀ ọ́ kí o jáde, o ní ó di ìgbà tí bàbá rẹ bá rí ọ. Èmi ń pariwo máàkì, ìwọ jókòó sínú ooru, o kò dá mi lóhùn. Wọn kò kọ́ wa ní ìyẹn níbi ẹ̀kọ́ bíṣínẹ́ẹ̀sì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ tó fún ọ láyè.

Ó ku ohun díẹ̀. Bi Mọ̀núrù pé ihò kékeré tí òtútù ń gbà jáde lókè ìjókòó kọ̀ọ̀kan yẹn, bí gbogbo èrò bá ṣí tiwọn láti Ìtúnlá, ṣé òtútù máa kù tí a bá fi dé Èkó, tàbí kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ máa ṣí i níwọ̀n? Sọ fún un pẹ̀lú kó bá mi fa máàkì pupa wálẹ̀ sí i, mo fẹ́ kó gba òdo bó bá ṣeé ṣe. Bàbá yín ti gbà láti wọ pupa wá sọ́dọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ kò lè wọ àdúgbò yín, ẹ wá márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò gbé wọn láti Onikan.

Owó wá ńkọ́? Lèmọ́mù ní kí bàbá yín tó lè tú ìbúra wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ tálákà mẹ́wàá, ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a ló ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní oúnjẹ ni, ọjọ́ kan la ó fi ṣe é tán. Fi owó ìrẹsì àti ẹran rán Sùrájù, fi ti súwẹ́tà nínípọn kan sí i. Má fi í sínú fóònù mi rárá. Mo ti sọ fún ọ pé ó ti kún, kò sí ibi tí owó máa dúró sí.

Bí o ṣe wọ inú ooru nítorí bàbá rẹ, ìtura ni wàá máa bá níbi gbogbo tí o bá wọ̀. Ọmọ rẹ náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ, kò sì ní jẹ́ pé inú ìdààmú ni yóò ti ṣe é. Àmín.

Bàbá yín ní kí n kí ọ. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbé ọmọ ewúrẹ́ kékeré kiri àgbàlá, wọ́n ní àwọn ń dá apá àwọn lẹ́kọ̀ọ́ de Qaanitah.

Èmi ni ìyá rẹ,
Alhaja Ganiat, Alága.